Ìdẹ trout tí wọ́n ń fi wáyà bàbà wé: ẹ wá sọ ìrírí yín

Ará Àjàṣẹ́:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sọ tiyín, ẹ ṣeun o, ó yá kí n sọ tèmi náà. Apá Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mò ń gbé, ẹja ò jẹ́ tuntun sí wa torí ọ̀sà wa yìí, àmọ́ àwọ̀n àti ìwọ̀ tí wọ́n fi ekòló sí la mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé nítòsí òkè Pyrénées ní Faransé ló wálé, òun ló kó mi wọnú ọ̀rọ̀ ìdẹ nymph. Trout ò sí lọ́dọ̀ wa, ẹja omi tútù ni, omi tiwa gbóná jù fún un. Lọ́hùn-ún, ohun tó ń jẹ jù ni àwọn ọmọ kòkòrò tí ò tíì lè fò, tí wọ́n ṣì ń gbé nísàlẹ̀ omi, àwọn yẹn ni nymph. Ìdẹ yìí gbọ́dọ̀ jọ wọ́n, kó sì rì.

Èyí tí mo kọ́ jẹ́ ti Frank Sawyer, ọkùnrin tó ṣọ́ odò Avon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ayé ẹ̀. Nǹkan méjì péré ló lò, ìyẹ́ ìrù ẹyẹ pheasant àti wáyà bàbà, kò lo òwú rárá! Àwa ò rí pheasant, ìyẹ́ ìrù tòlótòló la fi rọ́pò ẹ̀, wáyà ẹ̀wẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún fáànù ṣe la ti rí i, inú ẹ̀rọ fáànù tó ti jó ló ti tú u fún wa, tín-ín-rín bí irun.

Ẹ fi ẹ̀mú kékeré di ìwọ̀ mú, ẹ wé wáyà láti ibi ihò ìwọ̀ dé ibi tó ti tẹ̀, kẹ́ ẹ wé e lé ara wọn níbi tó máa jẹ́ àyà kòkòrò, nítòsí ihò ìwọ̀, kó lè wú díẹ̀. Ẹ mú fọ́nrán ìyẹ́ 4, ẹ dì wọ́n mọ́ ìdí ìwọ̀ kí ṣóńṣó wọn yọ sẹ́yìn, ìrù ẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá lọ́ fọ́nrán yẹn pọ̀ mọ́ wáyà, ẹ jọ wé méjèèjì lọ síwájú, wáyà tó wà nínú ẹ̀ ni ò ní jẹ́ kí eyín ẹja tètè já ìyẹ́ náà. Tẹ́ ẹ bá dé iwájú, ẹ ya wọ́n, ẹ tẹ fọ́nrán padà gba orí àyà, ẹ dè é, ẹ tún dá a padà síwájú, ẹ fi wáyà so ó pa. Ó parí.

Mo bi ẹ̀gbọ́n pé ẹsẹ̀ ẹ̀ dà? Ó ní Sawyer ti kíyè sí i pé tí kòkòrò yẹn bá ń wẹ̀, ńṣe ló ń ká ẹsẹ̀ mọ́ra, ìdí nìyẹn tí ò fi fi ẹsẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lọ́kàn gan-an, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fẹ́ kó oríṣiríṣi nǹkan tó ń dán lé e, èmi ò fara mọ́ ọn, ara tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló ń jẹ́ kó tètè rì. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n padà dé ọ̀hún ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé trout ti gbé èyí tá a wé nílé, inú mi dùn débi pé mo gbé e fún màmá mi gbọ́.

Ará Ṣábẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi náà wé irú ẹ̀, ìyẹ́ ẹtù ni mo lò, mo jù ú sí odò Okpara, ẹ̀pìyà ló gbé e! Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà ìwọ̀ wo lẹ lò?

Ará Àjàṣẹ́:
Àbúrò, o káre! 14 la lò, ẹ̀gbọ́n tún máa ń lo 16 tí omi bá mọ́ gaara. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni ìwọ̀ ń kéré sí i o, má lọ ra òdìkejì. Fún ẹ̀pìyà, jẹ́ kó rì dáadáa kó o tó máa rọra fa okùn.