Báwo lẹ ṣe ń dènà ìwòkuwò lórí Wáì-fáì ilé?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ráútà 4G la ń lò, fóònù mẹ́rin àti tẹlifíṣọ̀n kan ló wà lórí ẹ̀. Kí lẹ fi ń dènà àwòrán oníhòòhò àti tẹ́tẹ́ fún àwọn ọmọ? Èyí tẹ́ ẹ ti rí i pé ó ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ sọ.

Alátùn-únṣe: DNS ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, ìyẹn ohun tí fóònù ń bi léèrè ibi tí ojúlé wà kó tó ṣí i. Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ráútà, bíi 192.168.1.1 tàbí 192.168.8.1, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Chrome, ẹ wọlé, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DHCP sí (ibẹ̀ ni ráútà ti ń pín àdírẹ́ẹ̀sì fún fóònù). Primary DNS: 1.1.1.3. Secondary: 1.0.0.3. Ẹ save, ẹ pa ráútà, ẹ tàn án padà. Ilé iṣẹ́ Cloudflare ló ni í, ọ̀fẹ́ ni. Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ yí páàsìwọ́ọ̀dù admin padà, torí ara ráútà ni wọ́n kọ ti àkọ́kọ́ sí, ọmọ tó mọ̀wé á kà á.

Ọmọ Àkúrẹ́: Ìyẹn ò dí tẹ́tẹ́ o! Ìhòòhò àti fáírọ́ọ̀sì nìkan ni 1.1.1.3 ń dí.

Ìyá Ìbejì: Háà. Tẹ́tẹ́ yẹn gan-an ló ń ká mi lára jù.

Bàbá Kọ̀ǹpútà: NextDNS, asẹ́ DNS míì, ni kẹ́ ẹ lò nígbà náà. Ẹ ṣí àkáǹtì, ẹ wọ Parental Control, ẹ fi Gambling kún un. Wọ́n á fún yín ní ID kan. Lórí Android 9 sókè, ẹ wá Private DNS nínú Settings, ẹ kọ ID yẹn, kí .dns.nextdns.io tẹ̀ lé e. Ìbéèrè 300,000 ni ọ̀fẹ́ lóṣù. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ò ní dá dúró, àmọ́ kò ní sẹ́ nǹkan kan mọ́ títí oṣù á fi parí. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Tòkunbọ̀_Lẹ́ẹ̀dì: Ọmọ á pa Wáì-fáì, á tan dátà. Ó parí.

Bàbá Kọ̀ǹpútà: @Tòkunbọ̀ Rárá o. Private DNS ń bá fóònù lọ sórí dátà náà. VPN, áàpù tó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló lè fò ó.

Aṣọ́bodè: Pi-hole, asẹ́ DNS tẹ́ ẹ máa gbé sílé fúnra yín, ló dáa jù fún gbogbo ilé. Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré) tó ní RAM 512MB tó o. Ẹ fún un ní IP tí kì í yí padà.

Alátùn-únṣe: Tí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́? Ráútà ní bátìrì, Pi ò ní. Gbogbo ilé ò ní rí ojúlé kankan ṣí, àwọn ará ilé á ní dátà ti tán. Ìmúlọ iná òjijì tún máa ń ba SD card jẹ́.

Aṣọ́bodè: Ẹ so ó mọ́ inverter. Ohun tí ò dáa ni kẹ́ ẹ torí iná fi 8.8.8.8, DNS Google tí kì í sẹ́ nǹkan, sí Secondary. Fóònù ò ní dúró de ìgbà tí Pi bá kú kó tó lò ó, èyí tó bá wù ú ló ń bi léèrè. Asẹ́ tó bá ti ya níbì kan, eèrí á bá ògì lọ.

Ọmọ Àkúrẹ́: Ẹ má gbàgbé pé Pi-hole ń kọ gbogbo ojúlé tí olúkúlùkù ṣí sílẹ̀ o. Ẹ sọ fún ará ilé.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àṣírí wo ló ní?

Ọmọ Àkúrẹ́: Ọkọ yín ńkọ́, ẹ̀yin ìyá wa? Àti àlejò? Àwọn náà wà lórí Wáì-fáì yẹn.

Tòkunbọ̀_Lẹ́ẹ̀dì: Òótọ́ lèyí. Kò yẹ kéèyàn máa ṣọ́ àgbàlagbà.

Aṣọ́bodè: Privacy level wà nínú Settings ẹ̀, 0 dé 3. Tẹ́ ẹ bá gbé e sí 3, kò ní kọ orúkọ ojúlé tàbí ti fóònù sílẹ̀, ó ṣì ń sẹ́.

Adé_K: YouTube ńkọ́?

Alátùn-únṣe: DNS ò lè yọ fídíò kan ṣoṣo, orúkọ ojúlé nìkan ló mọ̀. CleanBrowsing, 185.228.168.168, asẹ́ DNS míì, máa ń ti YouTube sí Restricted (ipò tó ń fi fídíò àgbà pamọ́) fúnra ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Mo ti fi 1.1.1.3 sórí ráútà báyìí. Mo ṣí nudity.testcategory.com láti fi dán an wò. Fóònù méjì kọ̀ ọ́, ọ̀kan ṣí i.

Bàbá Kọ̀ǹpútà: Ẹ wo Private DNS fóònù yẹn, bóyá ẹnì kan ti kọ nǹkan míì síbẹ̀. Tí kò bá sí, IPv6 ni, ìyẹn irú àdírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì tuntun tí fóònù lè gbà bi DNS míì léèrè. Ẹ fi 2606:4700:4700::1113 sí ojú IPv6 DNS lórí ráútà, tàbí kẹ́ ẹ pa IPv6. Kẹ́ ẹ wá pa fóònù náà, kẹ́ ẹ tàn án kẹ́ ẹ tó tún dán an wò, torí ó lè ṣì máa rántí ìdáhùn ti tẹ́lẹ̀.

Ìyá Ìbejì: IPv6 ni o. Ó ti kọ̀ ọ́.