Haibísíkọ́ọ̀sì mi wọ́wé tán! Ta ló ti rí irú rẹ̀ rí?

Ìyá Tópé (London): Ẹ kú àárọ̀ o. Oṣù kẹfà ni mo ra òdòdó yìí, pupa fòò, ojoojúmọ́ ló ń tanná lẹ́yìnkùlé wa. Mo gbàgbé ẹ̀ síta títí oṣù kẹwàá fi parí. Ní báyìí, igi lásán ló kù. Ṣé kí n jù ú nù ni?

Wọlé_Manchester: Tiyín tiẹ̀ sàn, mà. Òru ọjọ́ kan péré tí omi dì níta ló pa tèmi. Nígbà tílẹ̀ fi mọ́, gbogbo ewé ẹ̀ ti dúdú, ó rọ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀. Bí òtútù bá ti ń sún mọ́ 10°C, ẹ tètè máa gbé e wọlé.

Àkàndé Ìbàdàn: Èyí tá à ń fi àdá gé létí ọgbà níbí? Ẹ fowó rà á? 😂

Ìyá Tópé (London): Pọ́n-ùn méjìlá. Ẹ má bú mi.

Dúpẹ́: Ṣebí ìṣápá ni? Ẹ já a sọ́bẹ̀ ẹ̀gúsí.

Tíṣà Bàọ́lójì: Rárá o. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, àtilá náà. Ṣùgbọ́n ìṣápá so tán, ó di igi ìdáná. Èyí ń tutù yọ̀yọ̀ láti ọdún dé ọdún. Òun la máa ń ní káwọn ọmọ mú wá sí kíláàsì.

Àkàndé Ìbàdàn: Tíṣà, ẹ rán mi létí! Ti pásítọ̀ àdúgbò wa ni mo lọ já. Ẹgba mẹ́fà ni mo jẹ.

Wọlé_Manchester: Ẹgba mẹ́fà nítorí òdòdó tí ì bá rọ kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú!

Dúpẹ́: Mi ò gbà. Ìyá àgbà mi ní ìṣápá ni.

Ìyá Kẹ́hìndé: Ìyá Tópé, ẹ má jù ú nù. Ẹ fi èékánná ha èèpo ẹ̀ díẹ̀. Bí abẹ́ ẹ̀ bá tutù bí ewé, ó wà láàyè. Ojú fèrèsé tóòrùn ń wọ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kó jìnnà sí hítà. Ẹ̀gbẹ́ hítà ni mo kọ́kọ́ gbé tèmi sí, gbogbo òdòdó tí kò tíì là ló já bọ́. Lẹ́yìn náà ni kòkòrò funfun bí òwú bò ó lábẹ́ ewé. Sípírítì ni mo fi ń nù ún, ewé kọ̀ọ̀kan, Sátidé mẹ́ta gbáko! Omi náà, ẹ jẹ́ kójú iyẹ̀pẹ̀ gbẹ kẹ́ ẹ tó bu sí i, kí gbòǹgbò má baà rà. Oṣù kẹrin ni tèmi tó hu ewé padà.

Ìyá Tópé (London): Mo ti ha á. Ó tutù lábẹ́!! Àmọ́ fèrèsé kan ṣoṣo tóòrùn ń wọ̀, ibẹ̀ ni àga ọkọ mi wà.

Àkàndé Ìbàdàn: Ta ni yóò wá kúrò níbẹ̀?

Dúpẹ́: Ọkọ ni.