Ṣé ìjà ojú omi kan ṣoṣo lè yí gbogbo ogun padà?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin onímọ̀ ìtàn, ẹ bá mi tú ọ̀rọ̀ kan tó ta kókó. Olùkọ́ ni mí ní Ẹ̀pẹ́. Mo ń ṣàlàyé ìjà Midway (erékùṣù kan ní òkun Pàsífíìkì) ti oṣù Kẹfà ọdún 1942, nínú Ogun Àgbáyé Kejì, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, pé ọkọ̀ ńlá mẹ́rin tí bàálù ogun ń gbéra lórí wọn ni Jàpáánù pàdánù, tí Amẹ́ríkà sì pàdánù ẹyọ kan, ni ọmọbìnrin kan bá nawọ́ láti ẹ̀yìn, ó ní: “Sà, kí ló wá dé tí ogun náà kò parí títí di 1945?” Mo dúró, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, n kò rí èsì gidi fọ̀.

Ìtàn ìlú wa gan-an tún dá kún un. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn fọ́ Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, Kòsọ́kọ́ tó jẹ́ ọba Èkó fi ìlú sílẹ̀, Akítóyè tó ti jọba ṣáájú rẹ̀ sì padà sórí oyè. Síbẹ̀, Ẹ̀pẹ́ níbí ni Kòsọ́kọ́ tẹ̀dó sí, kò sì sí àdéhùn láàárín òun àti Gẹ̀ẹ́sì títí di 1854.

Kí ni a fi ń mọ ìjà tó yí ogun padà? Ṣé iye ọkọ̀ tó rì ni, àbí iye ọdún tí yóò gbà kí wọ́n tó kan òmíràn? Èmi rò pé ti ẹ̀yìn yìí ló wúwo jù, nítorí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀ apẹja tí wọ́n ń kàn létí ọ̀sà wa. Ẹ fún mi ní àlàyé tí ọmọ ọdún 15 yóò lóye kí ọjọ́ Ajé tó dé.