Koríko iwájú ilé mi ti tutù padà

Ẹ̀yin ará, mo béèrè ìdí tí koríko iwájú ilé mi l'Ábẹ́òkúta fi ń pọ́n lásìkò òjò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òjò ló ń fọ nitrogen (oúnjẹ inú ilẹ̀ tó ń mú kí ewé tutù) lọ lẹ gbà á: ilẹ̀ tèmi, iyanrìn àti òkúta ni, kì í di oúnjẹ mú. Ajílẹ̀ yúríà, tí nǹkan bí 46 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ nitrogen, ni mo fọ́n díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ìrì gbẹ lára ewé, mo sì bomi rin ín lójú ẹsẹ̀ kó má baà jó o. Bí òjò ńlá bá ṣú, mi ò ní fọ́n ọn rárá. Àgbàrá á kàn gbé e lọ sódò Ògùn ni. Ìgbẹ́ adìyẹ ńkọ́? Ó dìgbà tó bá jẹrà dáadáa kí n tó lò ó. Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀rọ̀ ti yanjú.