Ṣé gbogbo ayé ni Jésù kú fún àbí àwọn àyànfẹ́ nìkan?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ka Bíbélì gbà pé àwọn àyànfẹ́, ìyẹn àwọn tí Ọlọ́run ti yàn fún ìgbàlà, nìkan ni Jésù kú fún, ó ní Jòhánù 10:15 sọ pé àwọn àgùntàn ló fẹ̀mí ẹ̀ lélẹ̀ fún, àti pé tó bá ti san gbèsè gbogbo èèyàn, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni á tún fi lọ sọ́run àpáàdì, ṣé wọ́n ń gba gbèsè kan lẹ́ẹ̀mejì ni? Mi ò rí èsì fún un. Àmọ́ 1 Jòhánù 2:2 ńkọ́, tó ní ètùtù fún gbogbo aráyé ni? Ó ní èèyàn látinú gbogbo ẹ̀yà ni "aráyé" yẹn, kò wọ̀ mí létí rárá. Mo mọ̀ pé ìpàdé Dort, tí àwọn olórí ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ṣe nílẹ̀ Netherlands ní 1618 sí 1619, gbè sẹ́yìn èrò tiẹ̀, John Wesley tó dá ẹgbẹ́ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀ sì ta ko èrò náà gan-an.

Èyí tó ń dùn mí jù ni àbúrò mi tí ò tíì gbàgbọ́, ẹnu mi wá ń wúwo láti sọ fún un pé "Jésù kú fún ẹ". Báwo lẹ̀yin ṣe yanjú ẹ̀? Kí ni kí n sọ fún un báyìí?