Màmá ọkọ mi ní ilé àbíyè ni kí n bí sí, orí sì ń fọ́ mi

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Oyún mi ti wọ oṣù keje, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tíì lọ forúkọ sílẹ̀. Ata ni mo ń tà l'Ọjà-Ọba, ẹ má rò pé owó ni. Ọkọ mi wà l'Ábújá, ó ní ohun tí ìyá òun bá ti sọ ni kí n ṣe. Màmá ní ilé àbíyè tí wọ́n bí ọkọ mi sí ni mo máa bí sí, pé ní ọsibítù, wọ́n á kàn la èèyàn nínú. Màmá ò burú sí mi o. Àwọn ló ń wẹ ọmọ mi àkọ́kọ́ láràárọ̀. Ìyẹn gan-an ni ò jẹ́ kí n lè lanu. Ṣùgbọ́n láti Sátidé ni orí ti ń fọ́ mi. Ọṣẹ ni mo fi yọ òrùka lánàá, ìka mi wú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tí kò ní dà bí àfojúdi?

*Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì:* Àbúrò mi, fi ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ sílẹ̀ ná. Orí fífọ́ àti ìka wíwú lóṣù méje, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru aláboyún. Òní ni kó o lọ. Kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ rẹ wò. Bí ojú bá tún ń ṣe bàìbàì, má dúró wẹ̀ pàápàá. Láti 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni kí aláboyún rí elétò ìlera. Ìwọ lọ lẹ́ẹ̀kan!

*Bàbá Oníkẹ̀kẹ́, Ayétòrò:* Ẹ má bínú o, ọkọ ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀.

*Ìyá Ìbejì, Òkè-Baálẹ̀:* Bàbá Oníkẹ̀kẹ́, ṣé Ábújá ni orí ti ń fọ́ ọ ni? Kí ọkọ mọ̀, kò burú. Kí a jókòó máa retí kó dáhùn ni mo kọ̀. Mo retí rí, inú kẹ̀kẹ́ bíi tìẹ ni gìrì ti mú mi.
Àbúrò, má bi Màmá pé "ṣé kí n lọ?" Wọ́n á ní rárá, ó tán nìyẹn. Kúnlẹ̀, kó o ní, "Màmá, ara mi ò yá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sìn mí dé ọsibítù." Ta ló máa kọ̀ láti sin ìyàwó ọmọ rẹ̀?

*Abíyamọ:* Èmi lọ síbi méjèèjì. Àdúrà nílé àbíyè, ìbí ní ọsibítù. Kò sẹ́ni tó bá mi jà.

*Oníbéèrè:* Ẹ ṣé o. Màmá ló gbé báàgì mi. 150 lórí 100 ni wọ́n kà, wọ́n ti dá mi dúró. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣàlàyé tán, Màmá na apá tiwọn náà pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ọkọ mi ti pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Màmá ló ń dá a lóhùn.