Ìbọn yíyìn láti 600 dé 1000 yáàdì: ṣé awò tuntun ni mo nílò ni, àbí ẹ̀kọ́?

ỌmọỌdẹ_Houston béèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú eré ìbọn, mo kí yín. Ìdílé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ìbọn ṣakabùlà tí bàbá mi ń gbé lọ sí oko kò jọ ráífù tí mò ń yìn lórí pápá ìdíje ní Texas níbí rárá. .308 Winchester ni mo ní, ọta 168 grain (grain ni ìwọ̀n bí ọta ṣe wúwo tó) ni mo ń lò, ẹsẹ̀ méjì gbé iwájú rẹ̀ dúró, àpò iyanrìn kékeré sì wà lábẹ́ ìdí rẹ̀. Ní 100 yáàdì, ọta márùn-ún máa ń wọlé sí ibi kan náà tí owó ẹyọ kan lè bò mọ́lẹ̀. Ní 600 yáàdì ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà: àwọn ihò náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ga ju ara wọn lọ, ṣùgbọ́n wọ́n a máa fẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì, nígbà mìíràn tó íǹṣì 14.

Awò orí ìbọn mi kò mú nǹkan tóbi ju ìlọ́po 12 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí a jọ ń yìn ní èyí tí ń mú un tóbi dé ìlọ́po 40 tàbí 50. Owó irú awò bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ìbọn mi. Mo fẹ́ bá wọn díje nínú F-TR, ẹ̀ka ìdíje F-Class tí a ti ń dojú bolẹ̀ yin ìbọn tó ní awò àti ẹsẹ̀ méjì, ní 1000 yáàdì. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé awò ni kí n kọ́kọ́ rà, àbí nǹkan mìíràn wà tí mi ò mọ̀?

Ẹ̀gbọ́n_Ohio dáhùn:

Àbúrò mi, ìwọ fúnra rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ìbéèrè náà. Bí ihò ọta bá fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ láìga láìrẹlẹ̀, afẹ́fẹ́ ni o ń bá jà, kò sì sí awò kankan lọ́jà tí yóò bá ọ ka afẹ́fẹ́. Ká ní òkè àti ìsàlẹ̀ ni wọ́n fọ́n ká sí ni, èmi ì bá ní kí o lọ wò ó bóyá eré tí àwọn ọta rẹ ń sá bí wọ́n ti ń kúrò lẹ́nu ìbọn dọ́gba, tàbí kí o ṣọ́ bí o ṣe ń mí.

Jẹ́ kí a fi iye sọ ọ́. Afẹ́fẹ́ tí ń sáré ní máìlì 10 ní wákàtí kan, tí ó sì gba ẹ̀gbẹ́ kọjá gan-an, yóò ti ọta rẹ kúrò lójú ọ̀nà ní nǹkan bí íǹṣì 30 kí ó tó dé 600 yáàdì. Ìyẹn ni pé máìlì kan ṣoṣo tí o bá ṣì kà ń ná ọ ní íǹṣì 3. Òrùka 10 lára àmì F-Class ní 600 yáàdì fẹ̀ ní íǹṣì 6 péré, nítorí náà, bí o bá tilẹ̀ fojú sun àárín gan-an tí o sì yìn ín dáadáa, àṣìkà máìlì kan ti gbé ọta rẹ dé etí òrùka náà. Íǹṣì 14 tí o sọ kò ju pé afẹ́fẹ́ pọ̀ sí i tàbí kí ó dín kù ní máìlì 4 tàbí 5 láàárín ìgbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí yìn àti ìgbà tí o parí, tí o kò sì fura.

Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá ṣe pàtàkì bí agbára rẹ̀. Gbà pé o wà láàárín aago tí àmì sì wà ní ojú 12. Afẹ́fẹ́ láti ojú 3 tàbí 9 ń lo gbogbo agbára rẹ̀ lórí ọta. Èyí tí ó wá láti ojú 1 tàbí 11 ń lo ìdajì. Èyí tí ó wá tààrà láti iwájú tàbí ẹ̀yìn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í sí ẹ̀gbẹ́ rárá. Èyí tí ó burú jù ni èyí tí ń ti iwájú bọ̀ tí ó sì ń yà sí ọ̀tún díẹ̀, kí ó tún yà sí òsì, nítorí pé ó dà bí ẹni pé kò lágbára, bẹ́ẹ̀ ó ń ti ọta sí ìhà méjèèjì. Ìdíje ńlá ti ọdọọdún ti wà ní Camp Perry, létí adágún Erie, láti ọdún 1907, afẹ́fẹ́ orí omi yẹn sì máa ń tú àṣírí ẹni tí kò mọ afẹ́fẹ́ kà, kò sí bí awò rẹ̀ ṣe lè wọ́n tó. Àwọn tí mo rí tí wọ́n ń gba ẹ̀bùn níbẹ̀ máa ń wo àsíá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí pápá pẹ́ kí wọ́n tó wo àmì.

Nínú ooru Texas, o ní olùrànlọ́wọ́ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà sí ọ̀tá. Gbé awò awọ̀nàjínjìn kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, wo àmì títí yóò fi hàn kedere, lẹ́yìn náà yí ojú awò náà padà díẹ̀ kí ó lè mú ibi tí ó sún mọ́ ọ ju àmì lọ. Wàá rí ooru ilẹ̀ tí ń ṣàn bí omi odò. Bí ó bá ń ṣàn sí ọ̀tún, afẹ́fẹ́ ń ti òsì bọ̀. Bí ó bá ń hó lọ sókè tààrà, ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ dákẹ́ tàbí pé ó wà ní ojú 12 tàbí 6. Má yìn nígbà náà, nítorí ó sábà máa ń jẹ́ pé ó fẹ́ yí ìhà padà ni. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí máìlì 12, ooru náà á tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì ní sọ ohun tuntun fún ọ mọ́; àsíá àti koríko ni kí o gbẹ́kẹ̀ lé.

Ra ìwé kékeré kan. Kí o tó yìn ọta kọ̀ọ̀kan, kọ iye afẹ́fẹ́ tí o rò pé ó wà. Lẹ́yìn tí o bá yìn, kọ ibi tí ọta wọlé sí. Àyẹ̀wò ìwé yẹn ni yóò sọ ọ́ di ayìnbọn.

ỌmọẸ̀kìtì_Surrey dáhùn:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n pátápátá, mo sì fẹ́ fi ẹ̀rí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbè é. Ní pápá Bisley, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje láti 1890, ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ ni King's Prize, 900 àti 1000 yáàdì sì ni ìpele ìkẹyìn rẹ̀. Kò sí awò awọ̀nàjínjìn kankan lórí ìbọn nínú ìdíje náà. Ihò kékeré tí a ń yọjú wò lẹ́yìn àti òrùka tí ó wà níwájú ni wọ́n fi ń fojú sun àmì. Marjorie Foster gba ẹ̀bùn náà ní 1930, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gbà á. Awò ìlọ́po 12 rẹ, bí ó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ju ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ní lọ.

Ohun tí wọ́n ní ni ara tí ó balẹ̀. Dojú bolẹ̀ sẹ́yìn ìbọn, fojú sun àmì, kí o wá di ojú rẹ. Mí sínú, mí síta, tún un ṣe, kí gbogbo ara rẹ dẹ̀, lẹ́yìn náà la ojú. Bí àgbélébùú inú awò bá ti kúrò lórí àmì, má ṣe fi ọwọ́ ti ìbọn padà. Ìbàdí rẹ ni kí o sún díẹ̀, títí ìbọn yóò fi sinmi lórí àmì fúnra rẹ̀. Iṣan tí o bá fi ń fi agbára di ìbọn mú sí ibi kan yóò tú sílẹ̀ lásìkò tí ìbọn bá dún, ibi tí ó bá sì tú sí ni ọta yóò gbà lọ. Fi orí ìka ìfábẹ̀lá fa tíríígà sẹ́yìn tààrà, lẹ́yìn tí o bá ti mí síta tí o kò sì tíì mí sínú. Nígbà tí ó bá dún, má ṣe tètè jọ̀wọ́ tíríígà, má sì gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ kúrò lára ìbọn. Máa wo inú awò títí wàá fi rí àmì padà.

Ilé ni a ti ń kọ́ èyí jù, láìsí ọta nínú ìbọn. Kó gbogbo ọta kúrò nínú yàrá náà, yẹ inú ìbọn wò, tún un yẹ̀ wò, kí o sì kọjú ìbọn sí ìhà tí kò léwu fún ẹnikẹ́ni. Bí owó bá wà fún ìbọn kékeré .22, rà á pẹ̀lú. Ọta rẹ̀ kò yára, afẹ́fẹ́ sì máa ń gbé e púpọ̀, nítorí náà 200 yáàdì pẹ̀lú .22 yóò kọ́ ọ ní afẹ́fẹ́ kíkà pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́.

ỌmọÌbàdàn_Maryland dáhùn:

Ọ̀rọ̀ ṣókí nítorí àwọn mìíràn tí yóò ka èyí: òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí ẹni tí ó wọ̀lú pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀, títí kan akẹ́kọ̀ọ́, ní ìbọn tàbí ọta ní ìkáwọ́, àyàfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tí ó ṣì múná. Ẹni tí ó ní káàdì ìgbélùú títí láé kò sí lábẹ́ ìdíwọ́ yẹn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò kí ẹ tó fọwọ́ kan ìbọn ẹnikẹ́ni lórí pápá.

ỌmọỌdẹ_Houston fèsì:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ní ìwé ìgbélùú, ẹ má fòyà. N ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé afẹ́fẹ́ náà lọ́sẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bí àkókò awò bá dé, kí ni kí n wò lára rẹ̀? Ṣé MOA ni kí n mú ni, àbí mil (ìwọ̀n igun méjì tí a fi ń yí kókó awò)? Ṣé ọta 168 yìí sì lè dé 1000?

Alágbẹ̀dẹ_Georgia dáhùn:

Ìbọn ni mò ń tún ṣe, mo sì ti rí awò olówó gọbọi tí kò lè ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a tìtorí rẹ̀ rà á, èyí tí í ṣe pé kí àgbélébùú inú rẹ̀ lọ sí ibi tí a yí i sí gan-an. Dán tìrẹ wò kí o tó náwó. Gbé páálí gíga kan kalẹ̀ ní 100 yáàdì, kí o fi okùn tí a so òkúta mọ́ fa ìlà kan tí ó dúró ṣánṣán lórí rẹ̀. Yìn sí ìsàlẹ̀ ìlà náà. Yí kókó òkè awò ní MOA 30, tún fojú sun ìsàlẹ̀ ibẹ̀ kan náà, kí o sì yìn. Ihò kejì gbọ́dọ̀ ga ju èkínní lọ ní íǹṣì 31.4, nítorí pé MOA kan jẹ́ íǹṣì 1.047 ní 100 yáàdì. Bí ó bá jẹ́ íǹṣì 30 ní gbogbo ìgbà, o ṣì lè fi ìṣirò tún un ṣe. Bí ó bá ń yí padà láti ìdánwò kan sí èkejì, awò náà ti bàjẹ́. Bí ihò kejì bá sì yà kúrò lórí ìlà, awò náà ló wọ́ lórí ìbọn.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ gíga. Láti 100 dé 1000 yáàdì, .308 nílò nǹkan bí MOA 38. Awò tí gbogbo ìyíkà rẹ̀ jẹ́ MOA 60 kò ní ju nǹkan bí 30 lọ sí òkè láti àárín, kò sì ní lè gbé ọ dé 1000. Ṣùgbọ́n bí irin tí a fi de awò mọ́ ìbọn bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe kí ó tẹ̀ síwájú ní MOA 20, 30 yẹn á di 50. Irin yẹn kò wọ́n rárá, ó sì lè jẹ́ òun nìkan ni o nílò lọ́dún yìí.

Ìlọ́po ni ohun tí mo máa ń wò gbẹ̀yìn. Ní ọ̀sán gangan ní Texas, bí awò bá ṣe ń mú àmì tóbi tó ni yóò ṣe máa mú ooru tóbi tó, títí òrùka àmì yóò fi máa jó lójú rẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí o rí tí wọ́n ní ìlọ́po 50 ń yí i padà sí 25 nígbà tí oòrùn bá mú. Ìmọ́lẹ̀ tí ń dé ojú pẹ̀lú ń dín kù: ojú awò tí ó fẹ̀ ní mílímítà 50 yóò fún ọ ní ìmọ́lẹ̀ tí ó fẹ̀ ní mílímítà 5 ní ìlọ́po 10, ṣùgbọ́n 2 péré ní ìlọ́po 25. Gíláàsì tí ó mọ́ kedere ní ìlọ́po 25 sàn ju èyí tí ó ṣókùnkùn ní 50. Rí i dájú pé kókó ẹ̀gbẹ́ tí ń mú àmì àti àgbélébùú bá ara wọn mu wà lára rẹ̀. Láti fi dán an wò, gbé ìbọn lé àpò iyanrìn kí ó má lè mì, kí o wá mi orí rẹ lókè-nísàlẹ̀ díẹ̀. Bí àgbélébùú bá ń rìn lórí àmì, tún un yí. Má sì gbàgbé pé òfin F-TR kò gba ìbọn tí ó bá ju kílò 8.25 lọ pẹ̀lú awò àti ẹsẹ̀ méjì rẹ̀, awò ńláńlá sì máa ń jẹ nínú ìwọ̀n yẹn.

Ọta 168 ti MatchKing (irú ọta ìdíje kan) dára dé 600. Kí ó tó dé 1000, eré rẹ̀ ti sún mọ́ eré ohùn, ó sì máa ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ níbẹ̀ dípò kí ó lọ tààrà. Bọ́ sí 175 tàbí èyí tí ó wúwo jù bẹ́ẹ̀.

Ní ti MOA tàbí mil, MOA ni èmi yóò mú fún F-Class, nítorí pé òun ni wọ́n fi ṣe òrùka àmì: òrùka 10 jẹ́ MOA 1, X, òrùka tí ó kéré jù ní àárín, sì jẹ́ ìdajì rẹ̀. Ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi mil sọ̀rọ̀ lórí pápá, kí ó mú mil, kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn yé. Ohun tí o kò gbọdọ̀ rà ni awò tí kókó rẹ̀ jẹ́ MOA tí àgbélébùú inú rẹ̀ sì jẹ́ mil. Bí o bá ti ṣe ìdánwò MOA 30 náà, ya àwòrán páálí rẹ kí o fi ránṣẹ́ síbí pẹ̀lú orúkọ awò náà, kí a bá ọ wò ó.